Níbi Tí Wọ́n Ti Ń Sọ 911 Di Ọ̀tun

Ẹni tó bá gba Lùsádà wọ Ìgbẹsà yóò pàdé ọkọ̀ akẹ́rù lọ́tùn-ún lósì: èyí tó kó iyanrìn, èyí tó ń lọ sí iléeṣẹ́ ní Àgbárá, èyí tó ń jáde látinú ọgbà ìdókòwò Ogun-Guangdong. Ọ̀pọ̀ wọn dàgbà ju awakọ̀ wọn lọ. Mo yà sí ọgbà kan létí ọ̀nà níbi tí wọ́n ti ń tún Mercedes 911 ṣe.

Wọ́n ti gbé orí ọkọ̀ náà kúrò, ṣásì wà ní ìhòòhò. Ọmọ iṣẹ́ kan ń fi òòlù kàn án, ó ń dẹtí. Níbi tí ìró bá ti yàtọ̀, ó fi ẹfun sàmì sí i fún wẹ́dà. Ẹ́ńjìnì wà lábẹ́ igi máńgòrò, písítìnì mẹ́fà, kò sí kọ̀ǹpútà kankan nínú rẹ̀. Ohun tí ọwọ́ tú, ọwọ́ lè tò ó. Ìdí nìyẹn tí mọ́tò tí àwọn ará Jámánì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ní àwọn ọdún 1960 fi ṣì ń rẹrù fún wa.

Ọ̀dọ̀ ọ̀gá káfíńtà ni mo pẹ́ sí jù. Òun ló ń kan ara onígi tí wọ́n máa gbé lé ṣásì. Igi apá ló fi ṣe ìdábùú ìsàlẹ̀ rẹ̀, torí ikán kì í fẹ́ràn igi náà, òjò kì í sì tètè bà á jẹ́. Ó tẹ́ pákó gígùn sáàárín irin àti ìdábùú, ó fi bóòtì tó yí ṣásì ká dè wọ́n pọ̀.

"Ọ̀gá, ṣé ẹ ò ní lu ihò sí ṣásì ni?"

"Rárá o. Ibi tí ẹ bá lu ihò sí, ibẹ̀ ló máa ṣẹ́ lọ́jọ́ tí ẹrù bá wúwo."

Ó fi àlàfo díẹ̀ sáàárín pákó kan àti èkejì kí igi lè ráyè wú lásìkò òjò. Kò fi nǹkan kan wọ̀n ọ́n. Ojú rẹ̀ ti mọ̀ ọ́n.

Iṣẹ́ yìí ní ìtàn. Ní Yúróòpù, ọ̀pọ̀ àwọn tó ń kan kẹ̀kẹ́ ẹṣin ló di ẹni tó ń kan ara lọ́rì. Nínú igbó tiwa, eṣinṣin tsetse ń fi àrùn pa ẹṣin, torí náà orí la fi ń rẹrù nígbà náà. Nígbà tí lọ́rì dé, ẹ́ńjìnì àti ṣásì lásán ni wọ́n sábà máa ń kó wọ̀lú. Káfíńtà ilé wa ló fi igi kan ara rẹ̀, tó di bọ́lẹ̀kájà. Iṣẹ́ yẹn ni ọ̀gá yìí jogún.

Ohun kan ni n kò fara mọ́: wọ́n ń kun ọ̀dà kí wọ́n tó yẹ bíréèkì wò. Ilé-ẹ̀kọ́ ìmọ̀-ẹ̀rọ ìpínlẹ̀ Ògùn, OGITECH, wà nínú Ìgbẹsà yìí kan náà. Ẹ̀yin aláṣẹ ibẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ pe àwọn ọ̀gá wọ̀nyí wá kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ yín níṣẹ́ igi, kí ẹ̀yin náà sì bá wọn yẹ bíréèkì wò.