Kíndìnrín Wa àti Ohun Tí A Jogún Nínú Ẹ̀jẹ̀

Fún ará oko àti ìlú kéékèèké ní Akinyẹlé, Lágelú, Ẹgbẹ́dá àti Ọ̀nà-Àrà

Bí ojú bá ń wú láàárọ̀, tí ẹsẹ̀ ń wú lálẹ́, tí ìtọ̀ sì ń yọ ìfófòó tí kò tètè lọ, ẹ má kọ́kọ́ wá ẹni tó fi nǹkan ṣe yín. Ẹ wá sí ilé ìwòsàn. Ó lè jẹ́ kíndìnrín. Bí asẹ́ ni kíndìnrín rí: bó bá ti ń ya, ohun tó yẹ kó dúró nínú ẹ̀jẹ̀ á máa bá ìtọ̀ jáde.

Kí ló dé tí àìsàn yìí fi ń mú tẹ̀gbọ́n-tàbúrò nígbà mìíràn? Púrótéènì kan tó ń jẹ́ APOL1 wà nínú ẹ̀jẹ̀ wa, a sì ń jogún irú èyí tí a ní láti ọ̀dọ̀ òbí. Ààbò ni iṣẹ́ rẹ̀: ó ń pa irú àwọn kòkòrò tí eṣinṣin tsetse ń gbé kiri, tó ń fa àìsàn oorun. Láyé ọjọ́un, oríṣi méjì tó yàtọ̀ jáde lára rẹ̀, G1 àti G2. Wọ́n lágbára láti bá kòkòrò náà jà ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ni wọ́n bá gbilẹ̀ láàárín àwa ará Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, Yorùbá pàápàá. Ọdún 2010 ni àwọn onímọ̀ rí i pé oríṣi méjì yìí kan náà lè ba kíndìnrín jẹ́.

Ní 2024, ìwádìí tí wọ́n ṣe ní Nàìjíríà àti Gánà jáde. Nínú èèyàn 8,355 tí wọ́n yẹ̀ wò, nǹkan bí 30 nínú 100 ló jogún G1 tàbí G2 láti ọ̀dọ̀ bàbá àti láti ọ̀dọ̀ ìyá pẹ̀lú. Kódà, ewu àìsàn kíndìnrín ga díẹ̀ fún ẹni tó jogún ẹyọ kan péré ju fún ẹni tí kò ní rárá lọ.

Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ tó jogún rẹ̀ lọ́dọ̀ òbí méjèèjì kò ní ṣàìsàn kíndìnrín láéláé. Nǹkan mìíràn ló sábà máa ń ta á jí. Bí ara bá ń bá àìsàn jà, ó máa ń pe APOL1 jáde sí i, ibẹ̀ ni wàhálà wà. HIV tí a kò tọ́jú ló burú jù; ẹni tó bá ń lo oògùn rẹ̀, kó má ṣe pa á jẹ rárá.

Nítorí pé ọ̀pọ̀ tó jogún rẹ̀ kì í ṣàìsàn, èyí kò rí bí ọ̀rọ̀ jínótáìpù AS àti SS o. Ẹ má tìtorí rẹ̀ tú àfẹ́sọ́nà ká.

Ẹ jẹ́ ká máa wo ẹ̀jẹ̀ ríru yín. Ẹ má máa lo oògùn ara ríro lójoojúmọ́ kí ẹ lè ṣiṣẹ́ oko, ẹ sì ṣọ́ra fún àgbo tí ẹ kò mọ èròjà rẹ̀. Àyẹ̀wò ìtọ̀ kò le: nọ́ọ̀sì á ti bébà tẹ́ẹ́rẹ́ kan bọ inú ife ìtọ̀, bí ibi tó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bá di àwọ̀ ewé, púrótéènì ti ń jáde nìyẹn. Kíndìnrín sì máa ń bàjẹ́ jìnnà kó tó hàn lójú. Bí ẹnikẹ́ni nínú ẹbí bá ti ṣe irú àìsàn yìí rí, ẹ sọ fún nọ́ọ̀sì, kí ẹ sì mú tẹ̀gbọ́n-tàbúrò wá.