Gìtá Àlòkù: Bí A Ṣe Lè Rà Á Láì Jẹ Gbèsè

Nígbà tí a lọ yẹ ìwé ẹgbẹ́ wò ní Ayétòrò, ọ̀dọ́mọkùnrin apẹja kan bi wá bóyá òun lè fi owó tí òun ń kó jọ fún àwọ̀n ra gìtá tuntun. A sọ fún un pé àwọ̀n ni ó ń bọ́ ilé. Ẹni tí ó bá fẹ́ méjèèjì, kí ó wá gìtá àlòkù.

Gìtá kì í ṣe àlejò ní etíkun wa. Àwọn Kúrù, atukọ̀ láti Làìbéríà, wà lára àwọn tí ó gbé e káàkiri èbúté Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà. Ní 1949 ni Àyìndé Bákàrè mú gìtá oníná wọ inú orin jùjú. Ṣùgbọ́n gìtá onígi lásán tó ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ.

Kí a tó sanwó, ẹ jẹ́ kí a yẹ ohun mẹ́rin wò. Èkíní, ẹ wo ọrùn rẹ̀ láti orí dé àyà, bí káfíńtà ti ń wo pákó. Bí ó bá wọ́, ẹ fi í sílẹ̀. Èkejì, ẹ ta okùn kan lófìfo, kí ẹ tún tẹ̀ ẹ́ mọ́ irin kejìlá, kí ẹ ta á. Ohùn kan náà ni ó yẹ kí ó jẹ́, ọ̀kan nílẹ̀, ọ̀kan lókè. Ẹ̀kẹta, bí bébà bá lè wọ abẹ́ igi tí ó di okùn mú ní àyà, ó ti ń ṣí nìyẹn. Ẹ̀kẹrin, ẹ yí kókó mẹ́fẹ̀ẹ̀fà tí a fi ń fa okùn le wò. Okùn tí ó dípẹtà kò burú. A ó pààrọ̀ rẹ̀.

Àwa náà ti jìyà àìyẹ̀wò. A ra ọ̀kan tí ọ̀dà rẹ̀ ń dán. Okùn ọ̀rá ni wọ́n ṣe é fún. A fi okùn irin sí i. Kò pé oṣù kan tí igi àyà rẹ̀ fi ṣí, nítorí okùn irin ń fà ju okùn ọ̀rá lọ.

Afẹ́fẹ́ òkun a máa jẹ irin. Bí ẹ bá ta gìtá tán, ẹ fi aṣọ gbígbẹ nu okùn rẹ̀. Ẹ má gbé e sínú oòrùn, nítorí ooru a máa rọ àtè tí ó so igi rẹ̀ pọ̀. Ohùn gìtá onípláìwúùdù lè má tó ti ojúlówó igi, ṣùgbọ́n ó ń fara da ọ̀rinrin jù ú lọ. Òkun sì ti gba ọ̀pọ̀ ilé ní Ayétòrò. Ohun tí ó ṣeé tètè gbé ni ó yẹ ibẹ̀.

Ní ti owó, ẹ ro iye gìtá, okùn tuntun àti àtúnṣe pọ̀. Bí ó bá ju ìdajì iye tuntun lọ, ẹ má rà á. Nígbà tí wọ́n tẹ Ayétòrò dó ní 1947, àpò kan náà ni wọ́n jọ ń ná. Ẹni mẹ́rin lè ṣe bẹ́ẹ̀ ra gìtá kan, ṣùgbọ́n kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé: ta ni yóò gbà á lọ́sẹ̀ wo, ta ni yóò ra okùn, kí ni ẹni tí ó bá kúrò yóò gbà.

Nígbà tí a padà lọ, ọ̀dọ́mọkùnrin náà ti ra àwọ̀n rẹ̀. Òun àti ọ̀rẹ́ mẹ́ta sì ní gìtá àlòkù kan. Àwọ̀n jẹ́ tuntun, gìtá jẹ́ ògbólógbòó, kò sì sí gbèsè kankan lórúkọ rẹ̀ nínú ìwé ẹgbẹ́.