Ẹ Má Jẹ́ Kí Àníyàn Mú Ọpọlọ Ìyá Tètè Gbó

Ìyá kan gbé ọbẹ̀ ka iná, ó jáde sí ẹ̀yìnkùlé, kò sì rántí mọ́ títí ọbẹ̀ fi jóná. Ní ọjọ́ kejì, ó ń wá kọ́kọ́rọ́ kiri, bẹ́ẹ̀ ni ọwọ́ rẹ̀ ni ó wà. Ó ti lé díẹ̀ ní àádọ́ta ọdún. Kì í rí oorun sùn, ooru a sì máa dédé bò ó lóru. Ní ilé mìíràn, wọn a ní ayé ni ó ń ṣe é. Ní ilé mìíràn, wọn a tilẹ̀ máa pè é ní àjẹ́. Ẹ̀yin ìyá àti ẹ̀yin ará ilé, ọ̀rọ̀ náà kò rí bẹ́ẹ̀. Inú ara ni ó ti wá.

KÍ NI Ó Ń ṢẸLẸ̀?

Họ́mónù ni ìránṣẹ́ tí ẹ̀yà ara kan ń rán sí òmíràn nínú ẹ̀jẹ̀. Méjì nínú wọn ni ọ̀rọ̀ yìí kàn.

Èkíní ni kọ́tísọ̀. Ẹ̀yà ara kékeré méjì tí ó jókòó lé orí kíndìnrín ni ó ń tú u jáde nígbà ìpayà. Kì í ṣe ọ̀tá: ó wà lára ohun tí ń fún ìyá lágbára láti gbé ọmọ tí ara rẹ̀ gbóná sáré lọ sí ilé ìwòsàn lóru. Bí ewu bá kọjá, ó yẹ kí ó rọlẹ̀. Ṣùgbọ́n bí àníyàn bá di ti oṣù dé oṣù, ó lè máà rọlẹ̀ bí ó ti yẹ. Ibi tí ọpọlọ fi ń tọ́jú ìrántí wà lára ibi tí ó ti ń ṣiṣẹ́ jù. Ìwádìí lára ẹranko fi hàn pé bí ìdààmú bá pẹ́, ẹ̀ka àwọn sẹ́ẹ̀lì ibẹ̀ a máa kúrú, bí igi tí ọ̀dá mú. Bí ìdààmú bá sì dópin, ẹ̀ka náà lè tún rú.

Èkejì ni ẹ́sítírójìn, tí ó ń wá láti ilé ẹyin obìnrin. Ó ń ran sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ lọ́wọ́ láti rí agbára lò, àti láti so mọ́ ara wọn. Láàárín ọdún 45 sí 55, nígbà tí nǹkan oṣù bá ń dáwọ́ dúró, ó ń dín kù. Ìgbàgbé àti àìsùn lè bá a rìn. Fún ọ̀pọ̀ obìnrin, ó ń rọ̀ bí ọjọ́ ti ń lọ. Ṣùgbọ́n bí àníyàn bá kún un, ẹrù méjì ni a dì lé orí kan.

OHUN TÍ ÌWÁDÌÍ FI HÀN

Ní ọdún 2004, Elissa Epel, Elizabeth Blackburn àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Califọ́níà, ní Amẹ́ríkà, tẹ ìwádìí jáde lórí ìyá 58, tí 39 nínú wọn ń tọ́jú ọmọ tí àìsàn rẹ̀ ti pẹ́. Wọ́n wo tẹ́lómíà, ìdérí tí ó wà ní ìpẹ̀kun okùn àbùdá nínú sẹ́ẹ̀lì, bí ike ẹnu okùn bàtà tí kì í jẹ́ kí ó tú. Láàárín àwọn olùtọ́jú wọ̀nyí, bí ọdún ìtọ́jú ti ń pọ̀ sí i ni ìdérí náà ń kúrú. Sẹ́ẹ̀lì àwọn tí ìdààmú wọn pọ̀ jù dà bí èyí tí ó fi ọdún 10, ó kéré tán, gbó ju ti àwọn tí ìdààmú wọn kéré jù lọ. Sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n wò, kì í ṣe ti ọpọlọ; síbẹ̀ ó fi yé wa pé àníyàn kì í mọ sí ojú nìkan.

KÍ NI KÍ A ṢE?

1. Ẹ pín iṣẹ́ ilé. Kí baba àti àwọn ọmọ gba omi pípọn, aṣọ fífọ̀ àti ìtọ́jú aláìsàn ṣe.
2. Ẹ jẹ́ kí ìyá sùn dáadáa lóru.
3. Kí ó máa rin ìrìn kánmọ́kánmọ́ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀.
4. Kí ó lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru àti ìtọ̀ ṣúgà wò. Àwọn náà ń ba ọpọlọ jẹ́.
5. Ẹ má ra oògùn họ́mónù fúnra yín. Nínú ìwádìí kan ní Amẹ́ríkà tí a tẹ̀ jáde ní 2003, lórí obìnrin 4,532 tí ó ti pé ọdún 65 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, àwọn tí ó lo ẹ́sítírójìn pẹ̀lú projẹ́stìn ní àrùn ìsọnùyè ní nǹkan bí ìlọ́po méjì àwọn tí kò lò ó. Dókítà ni kí ó sọ ẹni tí ó yẹ fún.
6. Bí ìyá bá ń ṣìnà ní òpópónà tí ó mọ̀, tàbí tí kò dá ọmọ rẹ̀ mọ̀, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn láìjáfara.

Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ àyà. Ẹ má fi ìyá nìkan sílẹ̀ pẹ̀lú ẹrù rẹ̀, ẹ má sì fi orúkọ burúkú kún un.