Ẹni Tí Yóò Kọ́kọ́ Bá Wọn Gun Kẹ̀kẹ́ Láti Lọ́ńdọ̀nù Dé Brighton

Púpọ̀ nínú àwọn ènìyàn wa tí ń gbé Lọ́ńdọ̀nù ni ó ń gun kẹ̀kẹ́ ológeere lọ sí ibi iṣẹ́, máìlì mẹ́rin ní àlọ, mẹ́rin ní àbọ̀. Nígbà tí oṣù Júùnù bá dé, tí wọ́n sì rí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn tí ó pé jọ ní pápá Clapham Common láti gun kẹ̀kẹ́ lọ sí Brighton létí òkun, ọkàn wọn a máa fà sí i. Kò burú rárá. Àwọn tíṣà àti akọ̀wé ayé àtijọ́ a máa gun kẹ̀kẹ́ láti ìletò dé ìletò nílé, lórí ọ̀nà tí kò ní ọ̀dà. Ṣùgbọ́n máìlì mẹ́rin kò jọ máìlì 54.

Ọdún 1976 ni a kọ́kọ́ gun ìrìn yìí. Ẹgbẹ́ British Heart Foundation, tí ń náwó sí ìwádìí àrùn ọkàn, ni ó ń fi í kówó jọ. Wọn kì í fi í díje, nítorí náà kò sí ojú tí yóò ti ẹni tí ó bá dé kẹ́yìn. Òun ni àwa ìbá yàn fún ẹni tí kò gun irú rẹ̀ rí, nítorí pé èrò pọ̀, ibi ìsinmi sì wà lójú ọ̀nà. Ìrìn tí ó tó máìlì 100 wà níbòmíràn. Ẹ jẹ́ kí a fi ìyẹn sílẹ̀ di ọdún mìíràn. Ẹni tí ó bá ń gun máìlì 10 ní wákàtí kan yóò lò ju wákàtí márùn-ún lọ lórí ìjókòó kẹ̀kẹ́ kí ó tó dé Brighton, láìka ìsinmi. Bí ọ̀sẹ̀ tí ó kù kò bá tó 12, kí ó wá ìrìn tí kò ju máìlì 30 lọ.

Ọ̀ràn kan wà tí a kò gbọdọ̀ fi ṣeré. Ẹ̀jẹ̀ ríru pọ̀ láàrin àwa ènìyàn dúdú ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹni tí ó ní i kì í sì í sábà mọ̀. Ilé egbòogi púpọ̀ ní England ni ó ń wọ̀n ọ́n lọ́fẹ̀ẹ́ fún ẹni tí ó ti pé 40 ọdún. Kí baba tàbí ìyá tí ó ti pẹ́ lórí àga ọ́fíìsì lọ síbẹ̀ ná, kí ó sì bá dókítà sọ̀rọ̀ bí àyà bá ń dùn ún tàbí bí òòyì bá ń kọ́ ọ, kí ó tó ra ohunkóhun.

Kẹ̀kẹ́ titun kò pọn dandan. Kí táyà le dáadáa, kí ìjánu mú, kí ìjókòó sì ga tó: bí a bá gbé gìgísẹ̀ lé pẹ́dà nígbà tí ó wà nísàlẹ̀ pátápátá, ẹsẹ̀ gbọ́dọ̀ nà tán. Ìjókòó tí ó rẹlẹ̀ jù a máa mú kí iwájú orúnkún dunni, ọ̀pọ̀ a sì máa rò pé ọjọ́ orí ni.

Nípa ìgbaradì, ọjọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀ tó. Kí méjì kúrú, kí ìkẹta, bóyá ní Sátidé, gùn. Kí Sátidé àkọ́kọ́ jẹ́ máìlì 12, èyí tí ó tẹ̀lé e 15, lẹ́yìn náà 18. Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin kí a padà sí 12 kí ara lè sinmi. Báyìí ni a ó máa gòkè, tí a ó sì máa sinmi lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, títí a ó fi gun 40 nígbà tí ó ku ọ̀sẹ̀ méjì. Kò yẹ kí a gun 54 tán nílé kí a tó lọ. Ọ̀sẹ̀ tí ó kẹ́yìn, kí a gun díẹ̀díẹ̀ péré. Agbára tí a kò rí kó jọ kí ó tó di ìgbà náà, a kò ní rí i mọ́. Eré tí a ó máa sá ni èyí tí a fi lè bá ẹnì kejì sọ̀rọ̀ láìmí gúlegúle. Máìlì 40 yóò gba bíi wákàtí mẹ́rin: ẹni tí ó bá jáde ní aago mẹ́fà òwúrọ̀ yóò ti padà ní aago mẹ́wàá, yóò sì lè bá ìyàwó rẹ̀ lọ sí ọjà. A ti gbọ́ ìkùnsínú àwọn ìyàwó lórí ọ̀ràn yìí, wọn kò sì jẹ̀bi. Kí tọkọtaya jọ fẹnu kò kí a tó san owó ìforúkọsílẹ̀.

Òkè Ditchling Beacon ni ó ń ba ọ̀pọ̀ lẹ́rù. Orí rẹ̀ ga ní mítà 248, ìgòkè náà fẹ́rẹ̀ẹ́ tó máìlì kan, ẹ̀yìn ohun tí ó ju máìlì 40 lọ ni a sì ń bá a pàdé. Kí ẹni tí ń gbé Peckham tàbí Camberwell máa lọ gun Dog Kennel Hill lẹ́ẹ̀mẹ́rin, lẹ́ẹ̀márùn-ún lọ́sẹ̀. Bí ó bá ti rọrùn, kí ó kọjá sí Crystal Palace. Kí a ti yí sí jíà tí ó fúyẹ́ jù lọ kí a tó dé ẹsẹ̀ òkè. Ẹni tí ó bá sì rẹ̀, kí ó sọ̀ kalẹ̀ kí ó ti kẹ̀kẹ́ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ni yóò bá pàdé lórí ẹsẹ̀ níbẹ̀. Nígbà tí a bá ń sọ̀ kalẹ̀, kí a fa ìjánu méjèèjì pọ̀ jẹ́jẹ́, nítorí pé ọwọ́ ọ̀tún ni ó ń mú táyà iwájú lórí kẹ̀kẹ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹni tí ó bá fi ìbẹ̀rù fà á nìkan lè ta kọjá orí kẹ̀kẹ́.

Iyán kì í ṣe oúnjẹ òwúrọ̀ ọjọ́ náà. Ògì àti àkàrà díẹ̀ tó, kí ó sì jẹ́ ohun tí a ti jẹ gun kẹ̀kẹ́ rí. Lójú ọ̀nà, kí a máa jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ kí ebi tó pa wá, kí a máa mu omi bí òùngbẹ bá ti ń gbẹ wá. Láàrin èrò, kí a má ṣe ya sọ́tùn-ún tàbí sósì lójijì, kí a sì má ṣe sún mọ́ táyà ẹni iwájú jù. Kí a kó tíúbù kan dání, kí a sì ti mọ bí a ṣe ń pààrọ̀ rẹ̀. Kí a sì ti wádìí, ó kéré tán ní oṣù kan ṣáájú, bí àwa àti kẹ̀kẹ́ wa yóò ṣe padà sí Lọ́ńdọ̀nù.