Igi Ọ̀pọ̀tọ́: Ohun tí ó Wà Nínú Èso Rẹ̀, àti Ìlò Ewé Rẹ̀

Gbogbo ẹni tí ó ń ka Bíbélì ní èdè Yorùbá ni ó mọ orúkọ ọ̀pọ̀tọ́, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ó ń kọjá lábẹ́ igi náà ní oko láìmọ̀ pé òun ni. Ọ̀pọ̀tọ́ ilẹ̀ wa kì í ṣe ọ̀kan náà gan-an pẹ̀lú èyí tí a ń gbìn sínú ọgbà ní ilẹ̀ Júdà. Ìbátan rẹ̀ ni. Igi síkámórè tí Sákéù gùn, tí wòlíì Ámósì sì ń tọ́jú èso rẹ̀, ni ó súnmọ́ tiwa jù. Irú igi tí ó wà nínú ìdílé yìí ní gbogbo ayé ju 750 lọ. Ọdán tí ó ń ṣíji bo ọjà, àti èpin tí àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà fi ewé rẹ̀ ń dán igi, ará ilé kan náà ni wọ́n.

Peter Forsskål, ọmọ ilẹ̀ Sweden tí ó kú ní ilẹ̀ Yemen ní ọdún 1763, ni ó kọ́kọ́ ṣe àpèjúwe ọ̀pọ̀tọ́ yìí fún àwọn onímọ̀ ewéko. A tẹ ìwé rẹ̀ jáde ní ọdún 1775, Ficus sur sì ni orúkọ tí a ń pè é nínú ìwé wọn títí di òní. Nínú àwọn ìwé àtijọ́, a ó rí i ní Ficus capensis.

Bí a ti ń dá a mọ̀ nìyí. Ó lè ga tó ẹsẹ̀ bàtà 60 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó fẹ́ràn etí odò àti ilẹ̀ tútù, ó sì ń hù lórí ilẹ̀ tí a ti fi oko sílẹ̀. Ewé rẹ̀ titun a máa pọ́n díẹ̀. Etí ewé náà kò gún régé. Bí a bá já a, oje funfun bí wàrà yóò jáde. Ṣùgbọ́n èso rẹ̀ ni àmì tí ó dájú jù: wọ́n ń so jìngbìnnì lára ìtì igi àti lára ẹ̀ka ńlá, kì í ṣe láàrin ewé. Nítorí bí wọ́n ti pọ̀ tó ni àwọn Haúsá ṣe ń pè é ní uwar yara, èyíinì ni ìyá àwọn ọmọ. Akokoro ni àwọn Ìgbò ń pè é.

Ẹni tí ó bá ń wá òdòdó ọ̀pọ̀tọ́ lórí ẹ̀ka kì yóò rí i láé. Ohun tí a ń pè ní èso jẹ́ àpò kan tí ẹnu rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ pa dé, inú àpò náà sì ni àwọn òdòdó wẹ́wẹ́ wà. Abo agbọ́n kan, tí kò ju orí abẹ́rẹ́ lọ púpọ̀, ni ó ń fún ara rẹ̀ gba ihò kékeré tí ó wà lórí rẹ̀ wọlé. Ihò náà há tó bẹ́ẹ̀ tí ìyẹ́ rẹ̀ a máa já. Ìyẹ̀fun òdòdó tí ó kó wá láti inú èso tí a bí i sí ni ó fi ń kan àwọn òdòdó inú èyí. Ó yé ẹyin sínú díẹ̀ nínú wọn, ó sì kú síbẹ̀. Nígbà tí àwọn ọmọ rẹ̀ bá dàgbà, àwọn akọ, tí kò ní ìyẹ́, ni ó ń kọ́kọ́ jáde. Wọ́n a dá ihò sí ara èso fún àwọn abo, wọn a sì kú. Àwọn abo a kó ìyẹ̀fun, wọn a sì fò lọ wá ọ̀pọ̀tọ́ mìíràn. Lẹ́yìn èyí ni èso ń pọ́n, tí ẹyẹ àti àdán ń jẹ ẹ́, tí wọ́n sì ń gbé irúgbìn rẹ̀ káàkiri.

Àwọn àgbà a máa fi ọ̀pọ̀tọ́ ṣe àkàwé ẹni tí òde rẹ̀ dára tí inú rẹ̀ kò dára, nítorí bí a bá là á, kòkòrò ni a ó bá. Àkàwé náà tọ́ sí ènìyàn, ṣùgbọ́n kò tọ́ sí igi náà. Kòkòrò yìí kì í ṣe ìdíbàjẹ́ rẹ̀. Òun ni ó jẹ́ kí ó ní irúgbìn. Nítorí ọjọ́ ayé agbọ́n náà lóde kò pọ̀, ó yẹ kí ọ̀pọ̀tọ́ mìíràn wà nítòsí. Àgbẹ̀ tí ó bá gé gbogbo rẹ̀ kù ẹyọ kan lè sọ ẹyọ kan náà di àgàn.

Ní ti ìlò rẹ̀, ewúrẹ́ ń jẹ ewé rẹ̀, ènìyàn ń jẹ èso rẹ̀ tí ó pọ́n, a sì ń fi ọ̀jẹ̀lẹ́ ewé rẹ̀ se ọbẹ̀. Ṣùgbọ́n nítorí ẹ̀jẹ̀ ni a ṣe ń wá a jù. Ní Ajégúnlẹ̀, níbi tí Yorùbá, Ìgbò, Haúsá àti àwọn ará Ìlàjẹ ti ń gbé pọ̀, ìyá ọlọ́mọ lè dúró níwájú àtẹ kí ó wí pé, “Ẹ kú ọjà o, Ìyá. Ojú ọmọ mi funfun. Ẹ bá mi wá ewé tí ń fún ni ní ẹ̀jẹ̀.” Ìyá ẹlẹ́wé ọmọ a sì dáhùn pé, “O kú ìtọ́jú ọmọ, ìyàwó mi. Ọ̀pọ̀tọ́ ni kí o mú.”

Kí ó tó sanwó, ìbéèrè méjì ni ó yẹ kí ó wà lọ́kàn rẹ̀. Èkínní ni pé, níbo ni a ti já ewé náà? Wharf Road, tí kò jìnnà sí ibẹ̀, ni ó lọ sí èbúté Àpápá tí a ṣí ní ọdún 1926. Ọkọ̀ akẹ́rù àti ọkọ̀ agbépo kì í dá níbẹ̀. Ní ọdún 2017 ni a bẹ̀rẹ̀ sí tún ọ̀nà náà ṣe, ṣùgbọ́n títún ọ̀nà ṣe kì í pa èéfín ọkọ̀. Ewé a máa gba èéfín àti eruku sára, omi kì í sì í fọ gbogbo rẹ̀ kúrò. Nítorí náà, ewé tí a já lẹ́bàá irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀, tàbí lẹ́bàá gọ́tà, kò yẹ fún ọbẹ̀ tàbí fún àgbo ọmọdé. Ewé oko ni kí a rà.

Ìbéèrè kejì ni ó wúwo jù: kí ni ó jẹ ẹ̀jẹ̀ ọmọ náà? Ibà lè jẹ ẹ́. Aràn inú lè fà á. Ó lè jẹ́ àrùn tí a ń pè ní fòníkú-fọ̀ladìde, tí a ń bí mọ́ ọmọ. Àwọn onímọ̀ ní Nàìjíríà ti fún eku tí kò ní ẹ̀jẹ̀ tó ní omi ewé ọ̀pọ̀tọ́, wọ́n sì rí i pé ẹ̀jẹ̀ wọn gbéra. Ṣùgbọ́n eku kì í ṣe ọmọ ènìyàn, ewé kò sì lè sọ ohun tí ó fa àìsàn. Bí àtẹ́lẹwọ́ ọmọ àti inú ìpéǹpéjú rẹ̀ bá funfun, tí ó ń mí gúlegúle, tí ó rẹ̀ ẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí kò lè mu ọmú, ilé ìwòsàn ni kí a gbé e lọ lọ́jọ́ náà gan-an. Ó lè jẹ́ ẹ̀jẹ̀ ènìyàn ni a ó fà sí i lára, wákàtí tí a fi ń gbé ìkòkò àgbo kaná sì lè jẹ́ wákàtí tí ó kù fún un.

Àgbẹ̀ tí ó bá fẹ́ gbìn ín kò ní wàhálà. Kí ó gé ẹ̀ka tí ó gbó, kí ó rì í mọ́lẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ òjò ní etí odò tàbí ní ibi tí ilẹ̀ gbé tutù. Kí ó má ṣe gbìn ín mọ́ ògiri ilé, tàbí mọ́ kànga, nítorí gbòǹgbò rẹ̀ a máa wá omi kiri, a sì máa la ògiri. Bí ó bá sì ń ṣán oko titun, kí ó dá méjì tàbí mẹ́ta sí: ẹyẹ yóò rí oúnjẹ, ewúrẹ́ yóò rí ewé ní ọ̀gbẹlẹ̀, ará ilé yóò sì rí ewé tí kò gbé èéfín ọkọ̀ sára.