Sísùn láàárín ẹranko igbó: kí ni kò jẹ́ kí ó rọrùn nítòsí Àkúrẹ́?

Ọ̀pọ̀ nínú wa ní Àkúrẹ́ àti Oǹdó ló mọ ẹran ìgbẹ́ nínú ọbẹ̀ ju bí a ṣe mọ̀ ọ́n lórí ìrìn lọ. Bí a bá gbọ́ pé àwọn kan ń san owó ńlá láti sùn nínú igbó, tí wọn kò yìnbọn, tí wọn kò sì jẹ ẹran náà, ẹnu a máa yà wá. Bẹ́ẹ̀ òwò gidi ni.

Ní South Africa, ilẹ̀ aládàáni tí wọ́n ń pè ní Sabi Sand wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Kruger, igbó ìjọba tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1926. Ní 1993 ni wọ́n ká wáyà tó pààlà láàárín méjèèjì kúrò, tí ẹranko fi ń lọ tó ń bọ̀. Kí ilẹ̀ tó mọ́ ni wọn yóò ti jí àlejò, yóò mu tíì, yóò sì wọ ọkọ̀ tí kò ní òrùlé. Awakọ̀ ní ìbọn lọ́dọ̀. Ẹnìkejì rẹ̀ jókòó sórí àga kékeré níwájú ọkọ̀, ó ń wo ipasẹ̀. Iṣẹ́ tí àwọn ọdẹ wa ti ń ṣe láti ayébáyé ni: ṣé koríko yìí ṣẹ̀ṣẹ̀ wó ni, ṣé ìgbẹ́ erin yìí ṣì gbóná? Bí oòrùn bá mú, wọn á padà sílé. Bí ó bá rọlẹ̀, wọn á tún jáde. Tí ilẹ̀ bá ṣú, àlejò kò gbọ́dọ̀ dá rìn lọ sí yàrá rẹ̀, nítorí ọ̀pọ̀ irú ilé bẹ́ẹ̀ kò ní odi.

Ní Nàìjíríà, Yankari ní ìpínlẹ̀ Bauchi, tí wọ́n ṣí fún àlejò ní 1962, ni àwọn ènìyàn mọ̀ jù. Ilé àlejò wà níbẹ̀ lẹ́bàá odò Wikki tí omi rẹ̀ ń lọ́ wọ́ọ́rọ́. Okomu ní ìpínlẹ̀ Ẹdó, tó di igbó ìjọba àpapọ̀ ní 1999, ló sún mọ́ wa jù. Ọ̀nà Orè ni ará Oǹdó yóò gbà. Ṣùgbọ́n igbó kìjikìji ni, kì í ṣe ọ̀dàn. Ènìyàn lè sùn níbẹ̀ kó gbọ́ ohùn ọ̀bọ lókè igi láìfojú kan erin kankan.

Àwa náà ní igbó ọba tí ìjọba yà sọ́tọ̀ fún ẹranko ní Ìfọ̀n, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀sẹ́. Kí ló dé tí aládàáni kò kàn lè ra irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀? Òfin Ilẹ̀ ti 1978 fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sí ìkáwọ́ gómìnà, ó sì lè gbà á padà nítorí ànfààní ìlú. Ní South Africa, ènìyàn lè ní ilẹ̀ ní tirẹ̀ pátápátá. Òfin 1991 tilẹ̀ sọ pé bí ẹranko bá sá jáde nínú ilẹ̀ tí olówó rẹ̀ sọgbà yí ká dáadáa, tirẹ̀ ṣì ni.

Ọ̀rọ̀ ààbò ló tún le jù lójú tèmi. Ní ọjọ́ 26 oṣù kọkànlá ọdún 2020, àwọn agbébọn pa Olúfọ̀n, Ọba Israel Adeusi, ní Ẹlẹ́gbẹ̀ka, nígbà tó ń ti Àkúrẹ́ padà sílé. Ọdún yẹn náà ni wọ́n dá Àmọ̀tẹ́kùn sílẹ̀. Ojú ọ̀nà yẹn kan náà ni àlejò tó bá fẹ́ lọ sùn nínú igbó Ìfọ̀n yóò gbà. Àwọn ọdẹ tó mọ ipasẹ̀ ẹranko níbẹ̀ lè máa gba owó oṣù láti fi àgbọ̀nrín kan náà han àlejò lójoojúmọ́. Lónìí, ẹ̀ẹ̀kan péré ni wọ́n ń tà á, lẹ́bàá títì.