Ta Ni Ó Láṣẹ Láti Yí Òfin Eré Padà?

Eré tí kò ní òfin kì í pẹ́ di ìjà. Bẹ́ẹ̀ ni kò sí òfin eré kan tí kì í ṣe ènìyàn ni ó ṣe é. Ohun tí ènìyàn bá ṣe, ènìyàn lè tún un ṣe. Nítorí náà, ìbéèrè tí a gbé ka iwájú ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ wa àtijọ́ ni pé: ta ni ó láṣẹ láti yí òfin padà, ìgbà wo ni ó sì tọ́ kí ó ṣe bẹ́ẹ̀?

Ẹ jẹ́ kí a fi ayò ọlọ́pọ́n ṣe àpẹẹrẹ, eré tí a mọ̀ láti Mọníyà àti Lálúpọn títí dé Ẹgbẹ́dá àti Akanran. Ihò 12 ni ó wà lójú ọpọ́n, mẹ́fà fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ọmọ ayò sì jẹ́ 48, mẹ́rin-mẹ́rin nínú ihò. Bí ọmọ tí a fi kádìí títa bá sọ iye tí ó wà nínú ihò ẹnìkejì di méjì tàbí mẹ́ta, a jẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n bí ọ̀ta bá rí ọ̀nà àtijẹ gbogbo ọmọ tí ó kù lọ́wọ́ ọ̀pẹ lẹ́ẹ̀kan náà ńkọ́? Àwọn kan ní kò gbọdọ̀ ta á rárá. Àwọn mìíràn ní ó lè ta á, ṣùgbọ́n kò ní jẹ ohunkóhun. Àwọn kan sì fún un láyè láti jẹ ẹ́. Kò sí èyí tí ó burú nínú wọn. Èyí tí ó burú ni kí gbogbo wọn dákẹ́ nígbà tí eré ń bẹ̀rẹ̀, kí ẹni tí òfin yóò gbè wá ṣẹ̀ṣẹ̀ máa ṣòfin nígbà tí ọwọ́ ti kan ọmọ ayò.

Eré mìíràn wà tí òfin rẹ̀ kò le tó báyìí. Ní ọdún 1974, Gary Gygax àti Dave Arneson gbé eré Dungeons & Dragons jáde ní Amẹ́ríkà. Àwọn òṣèré á jókòó yí tábìlì ká. Olúkúlùkù á gba ipò ẹ̀dá kan nínú ìtàn, á sọ ohun tí ẹ̀dá náà fẹ́ ṣe, á sì ju dáìsì láti mọ̀ bóyá yóò ṣeé ṣe. Ẹnì kan ni adarí eré. Òun ni ó ń sọ ìtàn náà bí apàlọ́, òun náà sì ni onídàájọ́. A fún un láyè láti yí òfin padà, nítorí kò sí ìwé tí ó lè ka gbogbo ohun tí òṣèré lè dábàá tán. Bí ẹnì kan bá ní òun yóò ya aṣọ òun ṣe okùn láti fi sọ̀ kalẹ̀ láti orí àpáta, tí ìwé kò sì sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀, adarí gbọ́dọ̀ dájọ́ lójú ẹsẹ̀.

Kí ni ó dé tí a fi gba agbára yìí lọ́wọ́ ọ̀ta, tí a sì fi lé adarí lọ́wọ́? Ìdí ni pé adarí kò bá ẹnikẹ́ni du ìborí. Ọ̀ta ní ẹjọ́ nínú ọ̀rọ̀ náà. Bí ó bá tún jẹ́ onídàájọ́, ẹjọ́ tirẹ̀ nìkan ni yóò gbọ́. Àwọn àgbà sì ti wí pé agbẹ́jọ́ẹnìkan-dájọ́, àgbà òṣìkà. Adarí tí ó bá ń tẹ òfin nítorí ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti sọ ara rẹ̀ di ọ̀ta. Kò ní pẹ́ tí àwọn òṣèré yóò fi dìde kúrò nídìí tábìlì rẹ̀.

Síbẹ̀, òfin tí kò ṣeé tẹ̀ rárá pẹ̀lú ní ewu. Dáríúsì ọba fẹ́ gba Dáníẹ́lì sílẹ̀, ṣùgbọ́n àṣẹ tí òun fúnra rẹ̀ fọwọ́ sí kò gba ìyípadà. Inú ihò kìnnìún ni wọ́n sọ olódodo sí.

Ohun kan náà ni ó ń ṣẹlẹ̀ nílé àti nílé-ẹ̀kọ́. Kí òbí tàbí olùkọ́ tó yí òfin padà, ó yẹ kí ó bi ara rẹ̀ léèrè: Ṣé èmi ni n óò jèrè níbẹ̀? Ṣé gbogbo wọn gbọ́ kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiṣẹ́? Ṣé yóò mú ọmọ tí mo fẹ́ràn bí yóò ti mú ti ẹlòmíràn? Ọmọ tí ó bá rí ìdáhùn òtítọ́ sí ìbéèrè wọ̀nyí lè gba ìpàdánù láìbínú. Èyí tí kò bá rí i yóò gbà pé alágbára ni ó ni òfin, yóò sì máa dúró de ọjọ́ tí agbára yóò kan òun.